Oyún Ti Pé Ọjọ́, Ìrọbí Kò Dé: Ṣé Kí A Fi Oògùn Mú Un Wá?

Lẹ́tà mẹ́ta la yàn nínú àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Agbẹ̀bí tó máa ń dá yín lóhùn ní abala yìí ló fèsì sí wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Oyún àkọ́kọ́ mi nìyí, ó sì pé ọ̀sẹ̀ 40 àti ọjọ́ 4 lónìí. Ìgbà tí oyún náà wà ní ọ̀sẹ̀ 11 ni mo ṣe scan àkọ́kọ́. Ní ilé ìwòsàn ìjọba tí mo forúkọ sílẹ̀ sí ní Ìbàdàn, dókítà sọ pé bí n kò bá tíì rọbí títí oyún yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 41, kí n wá gba ibùsùn kí wọ́n lè fi oògùn mú ìrọbí wá. Ara mi le, ẹ̀jẹ̀ mi kò ru, ọmọ sì ń yí dáadáa. Ìyá ọkọ mi ní oṣù mẹ́wàá gbáko ni òun fi gbé oyún ọkọ mi, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn mí. Ìyá kan nínú ìjọ wa ní àìnígbàgbọ́ ni. Aládùúgbò mi ní ìrora ìrọbí tí wọ́n bá fi omi fà kò ṣe é fara dà, àti pé iṣẹ́ abẹ ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?
Aboyún kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyàwó wa, ẹ kú ìfojúsọ́nà, wẹ́rẹ́ ni ẹ ó bí o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí kí n tó ṣàlàyé. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí, bí oyún yín bá pé ọ̀sẹ̀ 41 tí ìrọbí kò dé, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ lọ gba ibùsùn náà. N kò sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé dókítà kì í ṣàṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ni n kò fojú tín-ín-rín ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó yí yín ká. Mo sọ ọ́ nítorí ohun kan tí ẹ kàn mẹ́nu bà lóréfèé, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ni ìpìlẹ̀ ìpinnu yìí: scan tí ẹ ṣe ní ọ̀sẹ̀ 11.

Ọjọ́ 280, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 40, ni a máa ń kà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí obìnrin ṣe kẹ́yìn títí dé ọjọ́ tí a dá fún ìbímọ. Ọmọ kò bá ẹnikẹ́ni dá ọjọ́ yẹn, nítorí pé nínú ọmọ 100, bóyá 4 tàbí 5 péré ló ń wáyé ní ọjọ́ náà gẹ́lẹ́. Oṣù mẹ́wàá tí ìyá ọkọ yín sọ náà kì í ṣe irọ́. Ẹni tó bá ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ka oṣù yóò rí i pé oṣù mẹ́wàá gan-an ni ọ̀sẹ̀ 40, ẹni tó sì ń fi oṣù kàlẹ́ńdà kà á yóò pe ọjọ́ kan náà ní oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí gígùn oyún tí ìyá gbé àti ti èyí tí ẹ gbé má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìyá ìgbà náà kò ní ọ̀nà láti mọ ọjọ́ oyún wọn dájú, ẹ̀yin sì ní in. Scan tí a bá ṣe láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í sábà fi ju ọjọ́ 5 sí 7 ṣìnà, nítorí pé ní àsìkò yẹn, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo ọmọ inú fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ń dàgbà. Bí oyún bá ṣe ń dàgbà sí i ni ọmọ kan ń tóbi ju èkejì lọ, débi pé scan tí a kọ́kọ́ ṣe nígbà tí oyún ti wọ oṣù mẹ́jọ lè fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣìnà. Mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé mìíràn fara balẹ̀ níbí yìí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn títí ikùn wọn yóò fi yọ dáadáa, tí wọn kò sì rántí ọjọ́ tí wọ́n rí nǹkan oṣù kẹ́yìn. Bí wọ́n bá sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 41, ó lè jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ 38 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá fi oògùn bí ọmọ náà, mímí lè nira fún un, kí ó sì di ẹni tí a ń fi sábẹ́ ìtọ́jú nígbà tó yẹ kó wà láyà ìyá rẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ oyún rẹ̀ kò dájú gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta kí dókítà tó fọwọ́ sí oògùn kankan.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ 41? Ibi ọmọ ni ọmọ fi ń jẹ, òun náà ló sì ń gba atẹ́gùn wá fún un. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ibi ọmọ àwọn kan kì í lè ṣiṣẹ́ tó bó ti yẹ mọ́, omi tó yí ọmọ ká lè dín kù, ọmọ sì lè yàgbẹ́ sínú omi náà, kí ó sì fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí a ń bẹ̀rù jù lọ ni kí ọmọ tó ń yí dáadáa lánàá kú sínú láìfi àmì kankan hàn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019, tó kó àkọsílẹ̀ oyún tó lé ní mílíọ̀nù 15 jọ, fi hàn pé ní ọ̀sẹ̀ 37, nǹkan bí ọmọ kan nínú 10,000 ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi di ọ̀sẹ̀ 42, iye náà ti lé díẹ̀ ní ọmọ 3 nínú 1,000. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó, tí iná kì í ṣe wọ́n ṣégeṣège, ni wọ́n ti ka iye yìí. N kò rí ìdí tí tiwa yóò fi kéré sí i. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ̀rù má baà bà yín ju bó ti yẹ lọ: obìnrin tó lé ní 990 nínú 1,000 ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ láàyè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí, odindi ọmọ ni ó pàdánù.

Ní Sweden, wọ́n pín obìnrin 2,760 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fi oògùn mú ìrọbí wá fún àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ 41, wọ́n sì ní kí àwọn yòókù dúró dé ọ̀sẹ̀ 42 bí wọn kò bá rọbí fúnra wọn. Iye obìnrin tí wọ́n fẹ́ kó jọ kò tíì pé nígbà tí wọ́n dá ìwádìí náà dúró ní 2018, nítorí pé ọmọ mẹ́fà ti kú lára àwọn tó dúró, kò sì sí ẹyọ kan tó kú lára àwọn tí kò dúró. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn tún kó ìwádìí 34 jọ ní 2020, tí àwọn obìnrin inú wọn lé ní 21,000, ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ já sí: nínú àwọn ìwádìí tó ka ikú ọmọ, ọmọ 4 ló kú lára àwọn tí wọ́n fi oògùn mú ìrọbí wá fún, 25 sì kú lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dúró. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí a fi oògùn mú ìrọbí wá fún obìnrin tó dájú pé oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 41, tí wọn kò sì fọwọ́ sí i pé kí a ṣe é ṣáájú ìgbà náà fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Dókítà yín kò kánjú, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi falẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ abẹ tí aládùúgbò yín fi dẹ́rù bà yín, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, tí àtọ̀gbẹ ń ṣe, tàbí tí ọmọ inú rẹ̀ kò dàgbà tó, wà lára àwọn tí wọ́n sábà máa ń fi oògùn mú ìrọbí wá fún, àìsàn yẹn fúnra rẹ̀ sì lè gbé e dé yàrá iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí a bá fi àwọn tó jọra wé ara wọn, ìwádìí 34 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fi hàn pé iṣẹ́ abẹ kì í pọ̀ sí i. Ó tilẹ̀ dín díẹ̀. Ti ìrora ni n kò ní í tàn yín jẹ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń sọ pé ìrora ìrọbí tí a fi omi fà máa ń le, pé kì í fún ènìyàn láàyè láti sinmi láàárín ọ̀kan sí èkejì, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Kí ọjọ́ tó pé, ẹ bèèrè irú oògùn ìrora tí ilé ìwòsàn náà ní àti iye tí wọ́n ń gbà fún un, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba ló ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá wọn yóò gbà kí ẹnì kan dúró tì yín, torí pé ẹni tí a mọ̀ tó di ọwọ́ wa mú máa ń mú kí ìrora ṣe é fara dà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ẹ má retí pé ẹ ó wọlé láàárọ̀ kí ẹ sì gbé ọmọ ní ìrọ̀lẹ́. Fún ẹni tí kò bímọ rí, ó lè gbà tó ọjọ́ kan sí méjì láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́. Agbẹ̀bí tàbí dókítà yóò kọ́kọ́ yẹ ẹnu ilé ọmọ wò, bóyá ó ti rọ̀, bóyá ó ti ń kúrú, bóyá ó ti ń ṣí, àti bóyá orí ọmọ ti sọ̀ kalẹ̀ sínú ìbàdí, wọn yóò sì fún un ní máàkì. Bí máàkì náà bá tó 8, ara ti ń múra sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá kéré, ẹnu ilé ọmọ ni wọn yóò kọ́kọ́ mú kí ó rọ̀: wọ́n lè lo oògùn misoprostol ní ìwọ̀n kékeré, ní wákàtí méjì méjì bó bá jẹ́ èyí tí a ń mu, tàbí ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà bó bá jẹ́ èyí tí a ń fi sójú ara, wọ́n sì lè ti rọ́bà catheter kan gba ẹnu ilé ọmọ kọjá, kí wọ́n fẹ́ balúùnù kékeré tó wà lórí rẹ̀, kí ó lè máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò bẹ́ àpò omi, tí wọn yóò sì po oxytocin mọ́ omi tó ń kán sínú iṣan yín, tí wọn yóò máa fi kún un ní díẹ̀díẹ̀ títí ìrọbí yóò fi múlẹ̀. Àwọn kan wà tí ẹnu ilé ọmọ wọn kì í ṣí pẹ̀lú gbogbo èyí. Dókítà lè ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sinmi kí wọ́n tún gbìyànjú, tàbí kí ó jọ́wọ́ ara rẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ.

Ohun kan tún wà tí ẹ lè bèèrè fún kí ọ̀sẹ̀ 41 tó pé. Nígbà àyẹ̀wò, agbẹ̀bí lè fi ìka ṣí àpò omi kúrò lára ògiri ilé ọmọ ní ẹ̀bá ẹnu rẹ̀. Kò ní oògùn nínú. Ó máa ń dunni díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kékeré sì lè yọ, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kan máa ń rọbí fúnra wọn lẹ́yìn rẹ̀ láìdé orí omi.

Ohun tí mo ka sí pàtàkì ju gbogbo èyí lọ ni ibi tí wọn yóò ti ṣe é. Oògùn tó ń mú ìrọbí wá lágbára. Ó lè mú kí ilé ọmọ máa sún kì léraléra láìsinmi, kí atẹ́gùn má tó ọmọ; ó sì lè mú kí ilé ọmọ rẹ̀ ẹ́ débi pé ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà lẹ́yìn ìbímọ. Ẹni tó bá wà nítòsí, tó ń tẹ́tí sí ọkàn ọmọ, yóò tètè mọ̀, yóò sì dín omi náà kù tàbí kí ó dá a dúró. Nítorí náà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn: ta ni yóò máa gbọ́ ìlù ọkàn ọmọ mi ní òru, bí iná bá sì lọ ńkọ́? Ṣé ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ máa ń sùn sí ilé ìwòsàn, àbí ilé rẹ̀ ni wọn yóò ti lọ pè é? Ṣé ẹ̀jẹ̀ tó bá tèmi mu wà nílẹ̀? Kò sí àfojúdi nínú ìbéèrè wọ̀nyí, agbẹ̀bí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní bínú sí i. Bí wọn kò bá rí ìdáhùn gidi fún yín, ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi jù wọ́n lọ, nígbà tí àyè ṣì wà.

Bí ẹ bá yàn láti dúró fún ọjọ́ díẹ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 41, ẹ̀yin lẹ ni ara yín, kò sì sí ẹni tó lè fi tipátipá fún yín ní oògùn. Ṣùgbọ́n dídúró náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ máa lọ sí ilé ìwòsàn ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n yẹ ọkàn ọmọ wò, kí wọ́n fi scan wo omi tó yí i ká, kí wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ má sì jẹ́ kí ó kọjá ọ̀sẹ̀ 42. Kí ènìyàn jókòó sílé láìsí àyẹ̀wò kankan, kí ó máa retí, ni n kò lè fọwọ́ sí láéláé. Láti ìsinsìnyí lọ pẹ̀lú, ẹ máa fọkàn sí bí ọmọ ṣe ń yí. Àwọn kan máa ń sọ pé bí ọmọ bá ti fẹ́ wáyé, á dákẹ́, kò ní yí mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ gbọ́dọ̀ máa yí títí ìrọbí yóò fi bẹ̀rẹ̀, àti nínú ìrọbí pàápàá. Bí yíyí rẹ̀ bá dín kù sí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, bí omi bá dà, bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, bí orí bá ń fọ́ yín gidigidi tàbí tí ojú yín ń ṣe bàìbàì, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ 41. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ, bó ṣe òru tàbí ọ̀sán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mu epo láárà tàbí àgbo tí wọ́n ní ó ń mú ìrọbí yá. Epo láárà máa ń ṣí ènìyàn nínú, ó sì máa ń gbẹ omi ara ní àsìkò tí ẹ nílò agbára yín jù lọ. Kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú àgbo bẹ́ẹ̀, bí ipá rẹ̀ bá sì pàdé ti oògùn ilé ìwòsàn nínú ara kan náà, ilé ọmọ lè sún kì débi tí yóò fi fa ya.

Ní ti ìgbàgbọ́, n kò mọ ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Ọlọ́run kì í gba ọwọ́ agbẹ̀bí ṣiṣẹ́. Kí ìyá inú ìjọ yín bá yín gbàdúrà, kí ó sì tẹ̀ lé yín dé wọ́ọ̀dù bó bá lè ṣe é. Ìyá ọkọ yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín mú wọn dání lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ àyẹ̀wò tó kàn, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà, kí wọ́n sì bèèrè ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ wọn ni. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n bó ti ń bà yín. Kí ọkọ yín ló sọ ọ́ fún wọn, kí ẹ má baà dà bí ìyàwó tó ń bá ìyá ọkọ ṣe orogún.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. London ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ẹni ọdún 41 ni, oyún àkọ́kọ́ wa sì nìyí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti ń retí. Oyún náà ti pé ọ̀sẹ̀ 38, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń bá wa sọ̀rọ̀ pé àwọn fẹ́ fi oògùn mú ìrọbí wá láàárín ọ̀sẹ̀ 39 sí 40. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní nítorí pé a jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi ń kánjú sí wa. Kí ni kí n dá wọn lóhùn?
Bàbá ọmọ, London

ÌDÁHÙN: Bàbá ọmọ, ẹ kú oríire, Ọlọ́run yóò sọ ìyàwó yín kalẹ̀ láyọ̀. Ìfura ẹ̀gbọ́n yín kò ṣàdédé wá. Ní 2021, nígbà tí NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àkọ́sílẹ̀ àkọ́kọ́ ìlànà tuntun lórí ọ̀rọ̀ yìí síta kí àwọn ènìyàn lè sọ sí i, wọ́n dábàá pé kí a ronú nípa mímú ìrọbí wá ní ọ̀sẹ̀ 39 fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú àti àwọn tó ti Éṣíà wá, bí oyún wọn kò tilẹ̀ ní ìṣòro. Ọ̀pọ̀ agbẹ̀bí àti àwọn obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn ta ko àbá náà, nígbà tí ìlànà náà sì jáde ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Inú mi dùn pé wọ́n yọ ọ́. Àwọ̀ ara kì í ṣe àìsàn, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé òun nìkan ni ìdí, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìdí mìíràn tàbí kí ẹ kọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yàtọ̀ sí èyí. Ewu pé kí ọmọ kú sínú ní ọ̀sẹ̀ 39 fún obìnrin tó ti lé ní ẹni 40 ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti obìnrin tí kò tíì pé 30 ní ọ̀sẹ̀ 41. Èyí ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀sẹ̀ 39 sí 40 lọ àwọn obìnrin ọjọ́ orí ìyàwó yín, bó jẹ́ òyìnbó bó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú kò yẹ kó pọ̀ jù: ní 2016, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde ní Britain lórí obìnrin 619 tó ti pé ẹni ọdún 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn kò bímọ rí, iye tí iṣẹ́ abẹ bá lára àwọn tí wọ́n mú ìrọbí wá fún ní ọ̀sẹ̀ 39 jẹ́ 32 nínú 100, ó sì jẹ́ 33 lára àwọn tó dúró. Ní Amẹ́ríkà ní 2018, nínú ìwádìí lórí obìnrin tó lé ní 6,000 tí oyún àkọ́kọ́ wọn kò ní ìṣòro, iṣẹ́ abẹ tilẹ̀ dín kù láti bí 22 sí bí 19 nínú 100, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún sì dín kù pẹ̀lú.

Bí ìyàwó yín bá fẹ́ dúró dé ọ̀sẹ̀ 40 kí ó tó gbà, ìyẹn náà ní ọgbọ́n nínú, bí wọ́n bá ń yẹ òun àti ọmọ wò déédéé. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ìbínú sí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà mú kí ẹ kọ ìtọ́jú tó wà fún ọjọ́ orí rẹ̀. Ìròyìn lórí ikú àwọn abiyamọ tí wọ́n ń gbé jáde níbẹ̀ ti ń sọ ọ́ léraléra pé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ń kú nínú oyún àti ìbímọ ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sọ pé wọn kì í fetí sí àwọn. Nítorí náà, bí ìyàwó yín bá sọ pé ohun kan ń ṣe òun, kí ẹ dúró tì í títí wọn yóò fi gbọ́ ọ.

Mo sì kíyè sí i pé nínú gbogbo lẹ́tà yín, mo gbọ́ ohùn yín, mo gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n yín, n kò gbọ́ ti ìyàwó yín. Òun ló máa rọbí. Ẹ jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí ẹ bi í ohun tí òun fẹ́ àti ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ bá agbẹ̀bí sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àkọ́bí mi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Oyún kejì ti pé ọ̀sẹ̀ 40 báyìí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n tún là mí. Obìnrin kan tó ń gbẹ̀bí ládùúgbò wa ní Ṣàgámù ní òun lè fún mi ní oògùn tí n ó fi sójú ara, tàbí kí òun gún mi lábẹ́rẹ́ ní ìdí, pé kó tó di ọjọ́ kejì n ó ti bí. Ṣé kò léwu?
Ìyá ọmọ kan, Ṣàgámù

ÌDÁHÙN: Ìyá ọmọ, ó léwu gan-an ni. Ẹ má gbà á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àánú tàbí owó pọ́ọ́kú rọ̀ yín sí i.

Àpá iṣẹ́ abẹ wà lára ilé ọmọ yín. Oògùn tí obìnrin náà ń sọ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ misoprostol, tí a kì í lò fún obìnrin tó ní irú àpá bẹ́ẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù, nítorí pé ó lè mú kí ojú àpá náà ya. Wóró oògùn yìí tó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ máíkírógírámù 200, nígbà tí ìwọ̀n tí ilé ìwòsàn ń fún obìnrin tí kò ní àpá rárá ní ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ 25, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ wóró náà. Abẹ́rẹ́ ìdí náà, tí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oxytocin, kò sàn jù ú lọ. Bí oxytocin bá wà nínú omi tó ń kán, a lè pa omi náà bí ọkàn ọmọ bá ń dákú. Èyí tí a bá ti gún sí ìdí kò ṣe é fà jáde mọ́. Bí ilé ọmọ bá ya nínú ilé tí kò sí ẹ̀jẹ̀ tí kò sì sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó kù fún ọmọ, wákàtí díẹ̀ sì lè má kù fún ìyá.

Ìfẹ́ yín láti bí fúnra yín kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ bí lẹ́ẹ̀kan ló ń bí ti ẹ̀ẹ̀kejì wẹ́rẹ́. Bí ìrọbí bá dé fúnra rẹ̀, nǹkan bí obìnrin kan nínú 200 ni ojú àpá rẹ̀ ń ya. Bí a bá fi oògùn mú un wá, ewu náà lè di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Nítorí náà, ilé ìwòsàn tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tó sì ní ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, ni kí ẹ ti dúró de ìrọbí yín. Bí ọ̀sẹ̀ 41 bá pé láìrọbí, dókítà àgbà níbẹ̀ lè lo rọ́bà onibalúùnù tí mo ṣàlàyé rẹ̀ lókè, kí wọ́n sì máa ṣọ́ yín lójú méjèèjì, tàbí kí ó gbà yín níyànjú pé kí ẹ tún lọ fún iṣẹ́ abẹ. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ló sọ, ẹ bèèrè ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán kí ẹ tó kọ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́la. Ẹ padà sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti là yín, kí ẹ bèèrè fún àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà. Kì í ṣe àpá tó wà lójú awọ ikùn ni dókítà fẹ́ mọ̀, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe gé ilé ọmọ gan-an nínú: bí ó bá jẹ́ ìbú ìsàlẹ̀ ni wọ́n gé e, a lè gbìyànjú ìbímọ fúnra ẹni, bí ó bá jẹ́ pé òòró òkè ni wọ́n gé e, a kò gbọdọ̀ dán an wò rárá, iṣẹ́ abẹ sì ni ó yẹ kí wọ́n ṣe kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà ní ọjọ́ kan náà. Bí ìrọbí bá dé kí ẹ tó rí i gbà, ẹ kọrí sí ilé ìwòsàn ńlá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ lẹ́nu ọ̀nà sì jẹ́ pé wọ́n ti là yín rí.